Ta Ní Ń Lé Wọn? Èrò Lórí Eré Sísá Nígbà Òtútù

 

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ènìyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn nígbà tí a bá lọ bá àwọn ọmọ wa tọ́jú ọmọ tuntun ní Ìlú Ọba, tí ó sì bọ́ sí ìgbà òtútù. Aago mẹ́fà àárọ̀ yóò lù, ilẹ̀ kò ní tíì mọ́, ìrì yóò ti dì funfun sórí àwọn ọkọ̀ tí ó wà níta. Àwa tí a wà nínú ilé yóò wà lábẹ́ kúbùsù méjì. Síbẹ̀, bí a bá ṣí aṣọ ojú fèrèsé, a ó rí ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ń sáré lọ lójú pópó, tí èémí wọn ń jáde bí èéfín. Olè kò lé wọn, wọn kò sì lé ọkọ̀ bọ́ọ̀sì. Nígbà mìíràn, ọmọ tiwa gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í de okùn bàtà kánfáàsì lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá iyàn sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ ní ilé púpọ̀. Ìyá yóò ní agídí ni, ọmọ yóò ní ìlera ni. Lójú tiwa, ìbéèrè náà ju ọ̀rọ̀ òtútù lọ. Ìbéèrè nípa ìwà ni. Nígbà wo ni ìfaradà jẹ́ ìwà rere, nígbà wo ni ó sì di agídí lásán? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí àwọn ẹlòmíràn gbójú lé máa yọ wákàtí kan sọ́tọ̀ fún ara tirẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò.

ÀWỌN WO NI WỌ́N Ń SÁRÉ?

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ẹni tí a ń dá lẹ́jọ́. Àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí kì í ṣe àwọn tí ń fi eré sísá jẹun. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, tíṣà wà, awakọ̀ wà, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta náà wà. Kò sí ẹni tí yóò san owó fún wọn, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò sì ní gba ipò kìíní láéláé.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Òkítóbà ọdún 2004, ènìyàn 13 péjọ sí ọgbà ìgbafẹ́ Bushy Park ní London, wọ́n sá eré kìlómítà 5. Paul Sinton-Hewitt ni ó pè wọ́n jọ. Ó fara pa nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ kò lè sáré, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pínyà. Láti inú ìpéjọpọ̀ kékeré yẹn ni parkrun ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó ti dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 20. Kì í gba owó, àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n sì ń ṣètò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń sá a, ìbáà jẹ́ ìgbà ooru, ìbáà jẹ́ ìgbà òtútù. Bí omi bá dì sójú ọ̀nà débi tí ẹsẹ̀ lè yọ̀, wọn yóò fagi lé e di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ètò kan tún wà fún ẹni tí kò sáré rí. Àwọn elétò ìlera ìjọba ilẹ̀ náà ń gbé e lárugẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ẹni náà yóò máa rìn díẹ̀, yóò máa sá díẹ̀, títí yóò fi lè sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Èé ṣe tí wọn kò fi dúró kí ooru dé? Ẹ gbọ́ ìdí kan. Eré ìje ọlọ́nà jíjìn tí wọ́n ń pè ní London Marathon bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Máàṣì ọdún 1981. Kìlómítà 42 àti díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ sá a, àwọn méjì tí wọ́n ṣíwájú, Dick Beardsley ará Amẹ́ríkà àti Inge Simonsen ará Norway, di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sì jọ kọjá ìlà ìparí. Oṣù Épírìlì ni wọ́n sábà máa ń sá a, àyàfi láti 2020 sí 2022 tí àrùn Kòrónà sún un sí Òkítóbà. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ẹni tí yóò sáré ní Épírìlì, tí yóò fi nǹkan bí oṣù mẹ́rin múra, Dìsẹ́ńbà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà fo òtútù dá. Bí ti àgbẹ̀ ni. Ẹni tí ó fẹ́ jẹ iṣu tuntun ní Ògọ́ọ̀sì kò lè dúró di Júláì kí ó tó kọ ebè.

Òtútù náà kì í sì í ṣe eré. Ní London, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Dìsẹ́ńbà, oòrùn kì í yọ kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tó lù, yóò sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó pé. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì yóò jáde nínú òkùnkùn, yóò sì wọlé nínú òkùnkùn. Bí ó bá máa sáré lọ́jọ́ iṣẹ́, àfi kí ó sá a nínú òkùnkùn náà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń sọ pé ibi tí ó le jù nínú gbogbo ọ̀nà náà ni láti orí ibùsùn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara ti ń móoru.

Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN ÌYÁ NÍPA ÒTÚTÙ

Ìbẹ̀rù wa ni pé òtútù yóò wọ ọmọ lára, yóò sì dá a dùbúlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ya òótọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀. Afẹ́fẹ́ tútù nìkan kọ́ ni ó ń fa ọ̀fìnkìn. Kòkòrò àìfojúrí tí ó ń ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn ni ó ń fà á, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ a sì máa ràn nínú yàrá tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa. Nítorí náà, ẹni tí ó jáde lọ sáré nínú afẹ́fẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀fìnkìn tí yóò mú ẹni tí ó jókòó sínú ilé.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í sọ̀rọ̀ kí ó má ní ìdí. Aṣọ tí òógùn ti rin, tí atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ lù, a máa fa ooru jáde lára kíákíá. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń wọ aṣọ ní ìpele ìpele. Èyí tí kì í mu òógùn yóò wà lábẹ́, èyí tí ó ń dí atẹ́gùn yóò wà lókè, fìlà àti ìbọ̀wọ́ yóò sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí náà tí wọ́n fi ń pààrọ̀ aṣọ ní kété tí wọ́n bá ti délé. Òtútù a máa mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa fi agbára gba inú wọn kọjá. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà kí ó tó dán an wò. Afẹ́fẹ́ tútù tí ó gbẹ a máa mú kí èémí há mọ́ ẹni tí ó ní ikọ́ fée.

Ọ̀kan wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde pọ̀ nínú ìran wa. Òtútù wà lára ohun tí ó ń dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀, àṣekára náà sì wà lára rẹ̀. Ọmọ tí ó ní in kò gbọdọ̀ fi ara wé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò ní in. Bí òun yóò bá ṣe eré ìdárayá rárá, ìmọ̀ràn dókítà ni kí ó tẹ̀ lé, kí ó máa mu omi dáadáa, kí ara rẹ̀ sì máa móoru. Ìyá tí ó kígbe mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìfẹ́ ni ó kígbe.

ÌGBÀ ÒTÚTÙ NI Ó Ń YẸ ÌPINNU WÒ

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ní oṣù Júùnù, tí oòrùn ń ràn títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, gbogbo ènìyàn ni asáré. Ọgbà ìgbafẹ́ yóò kún. Kò sí bí a ó ṣe mọ ẹni tí ó pinnu yàtọ̀ sí ẹni tí ojú ọjọ́ kàn dùn mọ́. Ṣùgbọ́n bí Jánúárì bá dé, tí òjò tútù ń rọ̀, ìyàtọ̀ yóò hàn. Ẹni tí ara yíyá nìkan ń gbé jáde yóò padà sórí ibùsùn, nítorí ara kò ní yá lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó ti bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn yóò jáde, kì í ṣe pé inú rẹ̀ dùn sí i, ṣùgbọ́n ó ti sọ pé òun yóò ṣe é.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì yẹ kí a tètè lóye èyí. Láti ọdún 1755 ni John Wesley ti bẹ̀rẹ̀ Ìsìn Májẹ̀mú fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni a sì ń tún un ṣe nínú ìjọ wa títí di òní. Èé ṣe tí a fi ń dá májẹ̀mú? Nítorí pé a mọ̀ pé ara kò ní máa yá wa nígbà gbogbo. Ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ gbóná lójoojúmọ́ kò nílò májẹ̀mú. Ọjọ́ tí àdúrà gbẹ lẹ́nu, ọjọ́ tí ọkọ tàbí aya bí ni nínú, ọjọ́ tí ọmọ kò gbọ́ràn, àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni a dá májẹ̀mú sílẹ̀ fún. Gbogbo ìwà rere ni ó ní ìgbà òtútù tirẹ̀. Ṣíṣe oore fún ẹni tí ó ń dúpẹ́, ìgbà ooru ni. Ṣíṣe oore fún ẹni tí kò mọ oore, Jánúárì ni.

Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó fi asáré ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ará Kọ́ríńtì, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní orí kẹsàn-án ìwé rẹ̀ kìíní sí wọn. Nítòsí ìlú wọn gan-an ni a ti máa ń ṣe ìdíje ńlá kan ní ọdún méjì méjì, ní Isthmia. Adé ewé ni a fi ń dá ẹni tí ó bá borí lọ́lá. Pọ́ọ̀lù kò bú àwọn asáré náà. Ó ní kí ìjọ wo ohun tí wọ́n ń fi ara dà nítorí ewé tí yóò rọ, kí ìjọ wá bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ń fi ara dà nítorí èyí tí kì í rọ. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Bí òjò bá ṣú lásán ní ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́, mélòó nínú wa ni yóò jókòó sí àyè rẹ̀? Bí ọyẹ́ bá mú, mélòó ni yóò lọ bẹ arábìnrin tí ó wà lórí ibùsùn àìsàn wò? Ọmọ tí ó ń sáré lórí yìnyín nítorí ìlera ara rẹ̀ lè jẹ́ oníwàásù fún wa láìsọ̀rọ̀.

ÌDÁNWÒ MẸ́TA

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá fi ìpinnu ṣe ni ó dára. Ọ̀mùtí náà kì í wo ojú ọjọ́. Òjò kì í dá olè dúró. Bí ó bá jẹ́ pé àìfàsẹ́yìn nìkan ni ìwà rere, àwọn wọ̀nyí náà ìbá gba adé. Nítorí náà, a ń fi ìdánwò mẹ́ta lélẹ̀ tí a lè fi mọ ìfaradà yàtọ̀ sí agídí.

Èkínní: Ta ni ọ̀gá? Ẹni tí ó lè sáré, tí kò sì lè dúró, ẹrú ni. Nígbà tí ibà bá ń ṣe é, tí orúnkún rẹ̀ wú, tí omi dì sójú ọ̀nà, tí ó sì ń sọ pé dandan ni kí òun jáde, eré ti di ọ̀gá, òun ti di ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ wo Eric Liddell, ọmọ ilẹ̀ Scotland. Ó wà lára àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá jù lọ nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí ìdíje Olympics ọdún 1924 yóò wáyé ní Paris, ó gbọ́ pé ọjọ́ Ìsinmi ni wọn yóò sá ìpele àkọ́kọ́ eré mítà 100, èyí tí gbogbo ènìyàn rò pé yóò borí nínú rẹ̀. Ó ní òun kò ní sá a. Ó wá múra fún mítà 400, ó sì gba wúrà nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 47.6. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó fi òkìkí sílẹ̀, ó lọ ṣe míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ Ṣáínà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Jàpáánù kó o sí àgọ́ ìhámọ́ ní Weihsien. Níbẹ̀ ni ó ti ń ṣètò eré ìdárayá fún àwọn ọmọ tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀. Kò kọ́kọ́ gbà kí wọ́n ṣeré lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé ìjà ń dé láàárín wọn nítorí pé kò sí adájọ́ eré, ó jáde, ó sì ṣe adájọ́ fún wọn. Inú àgọ́ náà ni ó kú sí ní ọjọ́ 21 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1945, ní ọmọ ọdún 43. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: ó mọ̀ ọ́n sá, ó mọ̀ ọ́n fi sílẹ̀, kódà òfin tí ó fi wúrà gẹ̀dẹ̀ǹgbẹ́ dù kò jẹ́ kí ó gbàgbé ọmọ ènìyàn tí òfin wà fún. Ìyẹn ni ẹni tí eré kò jẹ ọ̀gá lé lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa ní Ìlú Ọba, nítorí pé òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni ọ̀pọ̀ asáré máa ń sá eré wọn tí ó gùn jù lọ́sẹ̀. Kò yẹ kí a fi ìbínú ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: bí o bá lè jí ní aago mẹ́fà nínú yìnyín nítorí ẹsẹ̀ rẹ, ṣé aago mẹ́wàá nínú ilé Ọlọ́run ni ó wá le jù fún ọ? Ẹni tí ó ní agbára láti jí ní agbára láti tò ó dáadáa.

Èkejì: Ta ni ó ń san owó rẹ̀? Gbogbo wákàtí tí ènìyàn bá lò níta, ẹnì kan wà tí ó ń dí àyè rẹ̀ nínú ilé. Ọkọ tí ó ń sáré fún wákàtí mẹ́ta ní Sátidé, tí aya rẹ̀ wà nílé pẹ̀lú ọmọ méjì tí ń sunkún, aya ni ó ń san owó eré náà. Bí kò bá dá wákàtí mẹ́ta padà fún un, ìfaradà tirẹ̀ kọ́ ni à ń rí, ti aya rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yí i padà, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwa obìnrin. A ti kọ́ wa láti kékeré pé ìyá rere ni ẹni tí ó lo ara rẹ̀ tán fún àwọn ẹlòmíràn. Bí ìyá ọlọ́mọ bá wá ní òun fẹ́ jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ojú olè ni a fi ń wò ó, bí ẹni pé àkókò tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé ni ó jí. Kì í sì í ṣe ilé nìkan. Ní Olympics ọdún 1928, wọ́n jẹ́ kí àwọn obìnrin sá mítà 800. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ara obìnrin kò lè gbà á, wọ́n yọ ọ́ kúrò títí di 1960. Ní 1967, Kathrine Switzer, ọmọ ogún ọdún, sá eré ọlọ́nà jíjìn ti Boston ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ìgbà òtútù ni ó ti fi múra nínú yìnyín ní Syracuse. Lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú àwọn alákòóso já lù ú láti fà á kúrò, nítorí pé obìnrin ni. Ó sá a parí. Ọdún 1972 ni Boston tó gba obìnrin láàyè ní gbangba, 1984 sì ni Olympics tó fún wọn ní eré ọlọ́nà jíjìn tiwọn. Àwọn tí wọ́n ní ara obìnrin kò lè gbà á kò bi àwọn ìyá wa léèrè, tí wọ́n ń ru igi láti oko dé ilé, tí ọmọ sì wà lẹ́yìn wọn.

Àwọn ìyá wa kò sáré ìdárayá, òótọ́ ni. Wọn kò nílò rẹ̀. Odó ni eré ìdárayá wọn, odò tí wọ́n ti ń pọn omi ni, ọ̀nà oko ni. Àwọn ọmọbìnrin wa ń jókòó níbi iṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, wọ́n ń jókòó nínú ọkọ̀, òtútù sì tún ń lé wọn wọlé lọ jókòó. Ohun tí odó ti ń ṣe fún ara ìyá àgbà, ibo ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò ti rí i? Susanna, ìyá John Wesley, bí ọmọ 19, púpọ̀ nínú wọn sì kú ní kékeré. Ìtàn ìjọ wa sọ pé ó máa ń fi épúrọ́ọ̀nù bo orí nínú ilé tí ariwo kún, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé ìyá wà pẹ̀lú Ọlọ́run, kí wọ́n má dí i lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó pe Susanna ní ọ̀lẹ tàbí anìkànjọpọ́n. Àkókò tí ó yọ sọ́tọ̀ ni ó fún un lágbára láti tọ́ wọn. Olúwa wa fi ìfẹ́ ara ẹni ṣe òṣùwọ̀n ìfẹ́ ọmọnìkejì. Ẹni tí ó ba ara rẹ̀ jẹ́ tán, òṣùwọ̀n wo ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ̀kẹta: Kí ni ó ń so? Igi ni a fi èso rẹ̀ mọ̀. Bí eré bá sọ ènìyàn di ẹni tí ń fi ara rẹ̀ ṣe fọ́rífọ́rí, tí ń fojú kéré ẹni tí ó sanra, tí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju iye kìlómítà tí ó sá, èso kíkorò nìyẹn. Bí ó bá ń mú un sùn dáadáa, tí inú rẹ̀ rọ̀, tí ó ní okun láti gbé ọmọ rẹ̀ àti láti gba ìyá rẹ̀ lálejò, èso rere ni. Wesley fúnra rẹ̀ kọ ìwé ìtọ́jú ara fún àwọn tálákà ní ọdún 1747, Primitive Physick, ó sì ka eré ìdárayá sí ohun pàtàkì fún ìlera nínú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì pé èrè ìdárayá kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìwà-bí-Ọlọ́run. Ohun tí ó kéré ní àyè tirẹ̀, bí a kò bá ti gbé e gun orí àga ohun tí ó tóbi.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ bá ọmọ ní Ìlú Ọba, ẹ má ṣe dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn fi èpè rán an lọ. Ẹ bi í pé: ṣé o ti wọ ìbọ̀wọ́? Ṣé aṣọ tí ń dán nínú iná ọkọ̀ wà lára rẹ? Ta ni ó mọ ọ̀nà tí o gbà? Ṣé dókítà mọ̀? Kí ẹ gba ọmọ mọ́ra, kí ẹ sì wí pé, lọ, kí o bọ̀ láyọ̀. Ìyá tí ó ṣọ́ ọmọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti jọ sá eré náà. Bí ọmọ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó dúró títí àwọn nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yóò fi fún un láyè. Ẹ sì rán wọn létí pé oòrùn ìgbà òtútù kò tó fún awọ dúdú wa. Àwọn elétò ìlera ibẹ̀ ní kí àwa aláwọ̀ dúdú ronú lórí lílo fítámì D máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, kì í ṣe nígbà òtútù nìkan, ṣùgbọ́n jálẹ̀ ọdún.

Ní ti àwa àgbà, kò sí ẹni tí ó ní kí a lọ máa sáré nínú yìnyín. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa ṣì wà. Ìrìn kíkankíkan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti kó àpapọ̀ wákàtí méjì ààbọ̀ tí àwọn dókítà ń béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà jọ. A lè rìn ín lọ sí ilé arábìnrin tí ó ń ṣàìsàn, kí a sì fi ẹsẹ̀ kan náà rìn bọ̀.

Ta ni ó wá ń lé àwọn asáré wọ̀nyí? Àwọn kan wà tí ìbẹ̀rù ọjọ́ ogbó ń lé, tí ojú ayé ń lé. Àánú wọn ṣe wá. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń lé nǹkan: okun láti sin ẹni tí Ọlọ́run fi fún wọn, àti ọkàn tí kì í sá fún ohun tí ó tọ́ nítorí pé ó tutù. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni wọ́n ń lé, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ wọn tẹ̀ ẹ́. Kí ó sì fún àwa náà ní ẹsẹ̀ tí kì í fà sẹ́yìn ní ìgbà òtútù tiwa. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

1. Kí ni iṣẹ́ rere tí o máa ń ṣe nígbà tí ara bá yá ọ nìkan? Kí ni yóò mú ọ máa ṣe é nígbà tí ara kò bá yá?

2. Ta ni ó ń san owó ohun tí o ń gbádùn nínú ilé rẹ? Ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

3. Ṣé ìyá lè yọ àkókò sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ láìṣẹ̀? Ẹ fi Máàkù orí kẹfà ẹsẹ 31 gbé e yẹ̀ wò.